Ilé Ìdáná Gbangba: Kí Ni À Ń Kó Àwọn Ọmọ Wa Lọ Wò?

  

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn nìkan. Àwọn kan wà nínú àwa ọmọ Ìjàgbó tí a ń gbé ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun, tó jẹ́ pé bí ọdún bá dé, tàbí tí ọmọ bá yege ìdánwò, ilé oúnjẹ olówó ńlá ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ, irú èyí tí wọ́n ṣí ilé ìdáná rẹ̀ sílẹ̀ gbangba. Wọ́n á jókòó sórí àga gíga níwájú ààrò. Alásè á wọ aṣọ funfun, á máa ju ọ̀bẹ sókè, iná á bù gbàmù, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́, bàbá á máa ya fọ́tò. Kí wọ́n tó délé, fọ́tò ti dé orí fóònù gbogbo ẹbí, títí kan ti ìyá àgbà tó wà nílé ní Ìjàgbó, tí kò tíì lóye ohun tí wọ́n ń jẹ nínú àwòrán náà.

Àwọn kan ti gbé e sórí wàásí pé hàrámù pátápátá ni, pé Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ jẹun níta. Mi ò bá wọn lọ. Òfin tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀ ni pé ohun ayé lẹ́tọ̀ọ́ àyàfi èyí tí ẹ̀rí bá kọ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fúnra rẹ̀ jẹun nílé ẹlòmíràn. Bukhārī àti Muslim gba hádíìsì wá láti ọ̀dọ̀ Anas pé aránṣọ kan pe Ànábì wá jẹun, ó gbé búrẹ́dì ọkà bálì àti ọbẹ̀ elégédé pẹ̀lú ẹran gbígbẹ síwájú rẹ̀. Anas tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún un láti kékeré bá a lọ. Ó rí i bí Ànábì ṣe ń wá elégédé kiri nínú abọ́, ó sì sọ pé láti ọjọ́ náà ni òun ti fẹ́ràn elégédé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe wàásí elégédé fún Anas. Ojú ló fi wò ó, ó wọ inú ọkàn rẹ̀, kò sì jáde mọ́ títí tó fi dàgbà. Bí ọmọ ṣe ń kọ́ oúnjẹ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé “ṣebí oúnjẹ lásán ni” kò tíì mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí ojú ọmọ rẹ bá rí níwájú ààrò yẹn, òun ni yóò máa fẹ́, ohun tí o bá sì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú níwájú rẹ̀, òun náà ni yóò máa tẹ́ńbẹ́lú.

Àṣà tí a ń sọ yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1945, ilé oúnjẹ Misono ní ìlú Kobe ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í din ẹran lórí irin gbígbóná níwájú àwọn tó wá jẹun. Ní 1964, ọmọ Japan kan, Rocky Aoki, ṣí Benihana ní New York, ó sì sọ ìdáná di eré ìwòran. Ní 1982, Wolfgang Puck ṣí Spago ní Los Angeles, ó sì jẹ́ kí àwọn tó wá jẹun máa wo àwọn alásè lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ẹlòmíràn rí i pé owó wà níbẹ̀, ó sì tàn ká ayé títí ó fi dé Èkó.

Èmi ń bèèrè: ta ló kọ́kọ́ ṣí ilé ìdáná sílẹ̀? Ní Ìjàgbó, ta ni kò mọ ilé ìdáná gbangba? Àdògán lẹ́yìnkùlé, igi tó ń jó, orógùn lọ́wọ́ ìyá. Bí a bá ti ìrun àsùbáà dé, alákàrà ti wà lẹ́bàá títì, ó ń po ẹ̀wà lójú rẹ, ó ń dà á sínú epo lójú rẹ. Bọ́ sí Ọ̀fà, Mọ́là tó ń ta súyà jókòó ti iná rẹ̀, o ń wo bó ṣe ń gé ẹran. Nínú búkà, ìyá olóúnjẹ jókòó láàárín ìkòkò rẹ̀, o ń rí i bóyá ó fọ ọwọ́, o ń rí i bóyá ó ṣí ìkòkò sílẹ̀ fún eṣinṣin. Ànàmọ́ tí a mọ agbègbè wa mọ́, gbangba náà la ti ń sun ún. Kò sí dígí láàárín. Kò sẹ́ni tó gba owó ìwòran.

Ọmọ yìí kan náà tí wọ́n kó lọ wo alásè ní Èkó, ẹ wò ó nígbà tó bá wá ṣe Iléyá nílé. Ìyá àgbà ń dáná ẹran ọdún, ọmọ wà nínú mọ́tò pẹ̀lú fóònù, nítorí pé èéfín ń ta á lójú. Bó bá sún mọ́ ààrò, ìyá rẹ̀ á kígbe: “Jáde níbẹ̀, iná á jó ọ! Aṣọ ẹ á rùn!” Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n san owó kí ó lè jókòó síwájú èéfín ẹlòmíràn. Èéfín kan náà ni o. A ń sá fún ọ̀kan, a ń ya fọ́tò èkejì.

Kí ni ọmọ náà rí kọ́? Ó kọ́ pé ìdáná lọ́lá bí àlejò bá ń ṣe é fún owó, ó sì jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́ bí ìyá bàbá rẹ̀ bá ń ṣe é. A bí i ní ilé tí wọ́n ti ń sè ẹ̀kuru, ó ń yínmú sí ẹ̀kuru. Bẹ́ẹ̀ Adejoké Bakare, ọmọ Nàìjíríà, gbé oúnjẹ ilẹ̀ wa lọ sí London, ó ṣí Chishuru ní 2020, wọ́n sì fún un ní ìràwọ̀ Michelin ní 2024, nínú ọdún kan náà tí wọ́n fún Akoko tí Aji Akokomi dá sílẹ̀. Àwọn òyìnbó ń tò láti jẹ ohun tí ọmọ tiwa ń sọ pé ó ń rùn. N kò sọ èyí kí a lè máa fi ìràwọ̀ òyìnbó yangàn, nítorí pé oúnjẹ ìyá wa kò nílò ìràwọ̀ ẹnikẹ́ni kó tó jẹ́ oúnjẹ. Mo sọ ọ́ kí ojú lè ti ẹni tó yẹ kí ojú tì.

Èyí tó tún burú jù ni ti àwọn ọmọkùnrin. Bàbá jókòó, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin tó ń dáná, ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé “Wo bó ṣe mọṣẹ́!” Ó délé, ọmọkùnrin kan náà fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ láti gé ẹ̀fọ́, bàbá ní: “Ṣé obìnrin ni ẹ́?” Alájì, èwo ni ká gbàgbọ́ nínú méjèèjì? Wọ́n bi Àíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) nípa ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ó dáhùn pé ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ilé, bí àkókò ìrun bá tó, á jáde lọ kírun. Bukhārī ló gbà á wá. Ẹni tó dára jù nínú ẹ̀dá ń ṣe iṣẹ́ ilé, ọmọ ọdún méjìlá ní Èkó kò lè bu omi sínú ìkòkò ìrẹsì.

Ní ti ohun tó wà nínú oúnjẹ náà, ọ̀rọ̀ kò gùn. Iná tó bù gbàmù tí ọmọ rẹ ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn, ọtí ni wọ́n máa ń dà sí i lọ́pọ̀ ìgbà kó tó lè jó bẹ́ẹ̀. Nínú oúnjẹ àwọn ará Japan, ọtí ìrẹsì wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wọn, wọ́n ń pè é ní sake tàbí mirin. Irin tí wọ́n fi din adìyẹ rẹ, wọ́n lè ti din ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Àwọn kan á ní, “Iná ti jó ọtí náà tán.” Kò jó tán. Ìṣirò iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà fi hàn pé oúnjẹ tí wọ́n da ọtí sí tí wọ́n sì ṣáná sí bẹ́ẹ̀ ṣì máa ń ní nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ọtí náà nínú. Bí iná bá tilẹ̀ jó o tán, àwa kì í lo ọtí fún ìsebẹ̀, Ànábì sì ti kìlọ̀ fún onígbàgbọ́ kí ó má jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí kiri.

Ṣùgbọ́n àǹfààní ibi tí wọ́n ṣí ilé ìdáná sílẹ̀ náà nìyí: o lè rí i, o sì lè bèèrè. Ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, àfọ̀rọ̀sọ lásán lo máa gbà. Níhìn-ín, alásè wà níwájú rẹ. Kí ló dé tí ẹnu bàbá ń wúwo? Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè é ní ará oko. Ó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ó lè bá gómìnà jiyàn, kò lè bi ọmọkùnrin tó di ìpéńpé mọ́dìí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ dà sí i?” Bí ọmọ rẹ bá gbọ́ tí o bèèrè lẹ́ẹ̀kan, tí o sì kọ oúnjẹ náà láìbínú, ẹ̀kọ́ tó gbà níbẹ̀ ju ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta ní ilé-kéwú lọ.

Alásè náà tún ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ọmọ aráyé ni. Ànábì sọ fún wa pé bí ìránṣẹ́ ẹni bá gbé oúnjẹ wá, kí a pè é jókòó jẹun, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí a fún un ní òkèlè kan tàbí méjì, nítorí òun ló fara da ooru rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀. Ooru ni Ànábì mẹ́nu bà. Ní ilé ìdáná gbangba, o ń rí òógùn lójú ọkùnrin náà. Ọmọ tiwa ń ta ìka sí i, ó ń ní kó tún ju ọ̀bẹ sí i. Ṣé ọmọ yẹn mọ bí a ṣe ń kí ẹni tó ń dáná? Ó yẹ kó mọ “Ẹ kú ìdáná o” kó tó mọ orúkọ oúnjẹ Japan. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kọ́ là ń wẹ̀, à ń wẹ ẹnu náà.

Mo mọ èsì tí àwọn kan ti ń múra rẹ̀: “Owó mi ni. Mo ti yọ sàká. Mo fẹ́ kí ojú ọmọ mi là.” Ó dára. Ọlọ́hun kò ní kí olówó máa ṣe bí òtòṣì. Ohun tí Ó yìn nínú Súúrà Furqān ni ẹni tí kò ná ìnákúnàá, tí kò sì háwọ́, tó wà láàárín méjèèjì. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2024 ni ₦70,000. Tábìlì ẹlẹ́ni márùn-ún lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan nírú ilé oúnjẹ yìí ní Èkó. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ ní Ìjàgbó ń jẹun, tí owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dúró, kó máa lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ìjà láàárín àwa àti òun. Àmọ́ ẹni tó ń fi fọ́tò ẹran dídín ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò tó ti bẹ̀ ẹ́ ní owó gààrí láti ọjọ́ márùn-ún, tí kò dá a lóhùn, kò gbọdọ̀ máa sọ fún wa pé ojú ọmọ òun ló fẹ́ là. Ojú ọmọ náà là lóòótọ́. Ó ti rí ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Abdullāh ọmọ Amr, sàábé Ànábì, pa àgùntàn nínú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé ni bóyá wọ́n ti fún aládùúgbò wọn tó jẹ́ Júù nínú rẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ bí Ànábì ṣe tẹnu mọ́ ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Ó yẹ kí èyí yé àwa tí a ń bá Kìrìsìtẹ́nì gbé àdúgbò kan náà ní Ìjàgbó.

Nítorí náà, ní Iléyá tó ń bọ̀, kí ẹ tó ronú ibi tí ẹ máa kó àwọn ọmọ lọ, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn ní ìdajì ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin bá ìyá àgbà ṣáná, kó gé àlùbọ́sà, kí omi jáde lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin wà níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran, kó mọ ìdí tí a fi ń pín in. Kí àwọn méjèèjì gbé abọ́ lọ sí ojúlé tí wọn kò ti pa àgbò, ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sílẹ̀. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n fọ ìkòkò.