Lílo Emulator Kì í Ṣe Olè Jíjà

Sí Olóòtú,

Àròkọ yín tó pe lílo emulator, ìyẹn ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà òde òní ṣe bíi ti àtijọ́, ní olè jíjà kò tọ̀nà rárá. Fuse, emulator kan tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà ZX Spectrum tí ilé-iṣẹ́ Sinclair gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1982, jẹ́ ètò tí ìwé àṣẹ GPL gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kà, láti tún ṣe àti láti pín. Ilé-iṣẹ́ Amstrad, tó ra ẹ̀tọ́ Spectrum ní 1986, sì yọ̀ǹda ní 1999 kí wọ́n máa pín ROM rẹ̀, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ inú ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú emulator. Lóòótọ́, eré kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Àtúnṣe tọ́ sí àwọn òǹkàwé yín.