Ọpẹ́ Kì í Ṣe Ìdẹ

"Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà." Òwe yìí kì í wọ́n níbi ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú nínú àwọn ìjọ ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ wá fà yọ nínú rẹ̀ ni pé ọpẹ́ òní ni owó àsansílẹ̀ oore ọ̀la: ẹni tó bá dúpẹ́ púpọ̀ yóò tún gba púpọ̀, ẹni tí kò bá sì dúpẹ́, ilẹ̀kùn oore ti tì mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ yìí kò bá Ìwé Mímọ́ mu, kò sì bá ìwà ọmọlúàbí mu.

Ọmọdé ni òwe náà ń bá wí. Ọmọ tí kò tíì mọ inú rò ni wọ́n ń fi òmíràn tàn kí ó lè kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Àgbà tó mọyì oore kò nílò ẹ̀tàn. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore lálẹ́ yóò jí lówùúrọ̀, yóò lọ kanlẹ̀kùn olóore, yóò ní, "Ẹ ṣé àná o." Kò mú nǹkan dání, kò sì tọrọ nǹkan. Olóore á ní, "Kò tó ọpẹ́," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Nínú Lúùkù orí 17, adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wò sàn. Ará Samáríà kan ṣoṣo ló padà wá dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìtàn náà kò sọ níbì kankan pé ẹ̀tẹ̀ tún padà bo àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Àwọn kan á ní ó ṣe tán, Jésù tún súre fún ẹni tó padà. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìre náà ló wá gbà. Ó ti rí i pé ara òun dá, ìdí nìyẹn tó fi padà.

Ẹsẹ tí àwọn tó gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́ dìmú jù ni ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù lórí fífúnrúgbìn nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 9. Owó ìrànwọ́ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù ló ń sọ níbẹ̀, èyí tí àwọn ìjọ Makedóníà ti dá tayọ agbára wọn bí wọ́n ṣe tálákà tó. Ìkórè tó sì kà kò ṣòro rí: àìní àwọn ènìyàn mímọ́ yóò tán, ẹni tó fúnni yóò ní èyí tí yóò tún fi fúnni, ọpẹ́ àwọn tó gbà yóò sì máa gòkè lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọpẹ́ ni èso níbẹ̀, kì í ṣe irúgbìn.

Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gba ẹ̀bùn nínú ẹ̀wọ̀n. Epafíródítù ló gbé e wá láti Fílípì, àìsàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nítorí iṣẹ́ náà. Nínú orí 4 ìwé tó kọ sí àwọn ará Fílípì, bí Pọ́ọ̀lù ṣe ń yọ̀ lórí ẹ̀bùn náà ló ń jẹ́ kó yé wọn pé òun kò fọgbọ́n tọrọ òmíràn. Àìní àti ọ̀pọ̀, òun ti kọ́ bí a ti ń gbé nínú méjèèjì.

Ẹni tó ń fúnni náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́. Lúùkù orí 14 ní kí ẹni tó bá se àsè pe àwọn tí kò lágbára láti san án padà. Níbi ìnáwó lọ́dọ̀ wa, wọ́n a máa kọ orúkọ àti iye tí oníkálukú mú wá sínú ìwé, kí wọ́n lè dá a padà. Bí ìwé náà bá di ìwé gbèsè, ẹni tí kò ní á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ayọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀.

Ibi tó ti ń dunni jù nìyí. Ìyá ọlọ́mọ tuntun á máa sún ìdúpẹ́ síwájú láti oṣù dé oṣù, nítorí kò tíì rówó aṣọ, ìrẹsì àti ọrẹ tí yóò kó dé iwájú pẹpẹ. Ẹni tó ní, kí ó mú ọrẹ wá tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá yìí bá pọn ọmọ rẹ̀ wá lọ́wọ́ òfìfo, tó sì kúnlẹ̀, ọpẹ́ rẹ̀ ti pé.