Ẹ má kọ "oògùn ọpọlọ" sára ọ̀rá olú yín

Ìpolówó kápúsù olú tí wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ jí pépé ti wá pọ̀ lórí Facebook àti WhatsApp báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń wu àwọn kan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbin olú sínú èérún pákó láti kọ ọ́ sára ọ̀rá ọjà yín. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má dán an wò.

Olú tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni lion's mane. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ní Japan gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Èèyàn 30 ni wọ́n lò, àwọn ẹni ọdún 50 sí 80 tí ìgbàgbé ti ń bá jà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní gíráàmù 3 olú yìí lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú. Àwọn tó lo olú ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ti dá a dúró, máàkì wọn ti já wálẹ̀.

Èèyàn 30 péré! Ta ló máa fi ẹbè àgbàdo 30 pinnu ajílẹ̀ tí gbogbo abúlé máa rà? Olú yẹn gan-an kọ́ lẹ sì ń gbìn. Oyster ni tiyín.

Oyster wà lára àwọn tí wọ́n wò ní Singapore, nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2019. Nínú àgbàlagbà 663, àwọn tó ń jẹ olú ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀ kò ní ìṣòro ìrántí tó àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Oúnjẹ ni wọ́n fi jẹ o, kì í ṣe kápúsù. Ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń jẹ ló ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni oníbàárà tí ìyá rẹ̀ ń gbàgbé nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ lè wà nídìí ẹ̀, tí dókítà sì lè tọ́jú. Bó bá wá gbára lé ọ̀rá yín dípò ilé ìwòsàn, orúkọ yín ló wà lára ẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ká olú náà, ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù yín. Kẹ́ ẹ sì tètè sá èyí tí kò bá tà, torí olú tútù kì í pẹ́ bàjẹ́.