Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kà Á Kí Ẹ Tó Fi Wé Àkàrà

Ẹ̀yin ará wa ní Ekpan, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra ìdánwò WAEC, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo bá wá.

Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀ níbí ní 1978 ni onírúurú èèyàn ti ń wọ́ wá. Àwọn Urhobo ló nilẹ̀, gbogbo wa la jọ ń gbé ibẹ̀, Píjìn ló sì so wá pọ̀. Mi ò bá Píjìn jà o. Ẹni tó ń na ọmọ torí ó sọ Píjìn, Píjìn náà ni yóò fi ná ẹja tó bá dọ́jà. Ṣùgbọ́n Píjìn kọ́ ni WAEC fi ń bi ọmọ léèrè, a kì í sì í fi kọ ìwé ìwáṣẹ́. Ọmọ tí kò rí nǹkan kà ju ìwé kíláàsì lọ, níbo ni yóò ti bá Gẹ̀ẹ́sì yẹn pàdé?

JAMB mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń yan ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò wọn. Ti 2025 ni The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ. Kí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe? Wọ́n ń wá ìkékúrú rẹ̀, wọ́n ń há ìdáhùn sórí. Ìwé náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣí i.

Bẹ́ẹ̀ ìgbà kan wà tí aráyé ń fi owó ara wọn ra ìwé kà. Lẹ́yìn ogun Hitler, ní Onitsha, àwọn kan ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ tà lọ́jà, ti ìfẹ́, ti owó, ti ọmọbìnrin tó kọ ọkọ tí bàbá rẹ̀ yàn fún un. Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ ní 1956 wà lára wọn. Oníṣòwò ń rà á, awakọ̀ ń rà á, ọmọ ilé-ìwé ń rà á. Gẹ̀ẹ́sì inú wọn kì í fìgbà gbogbo gún, àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì ń yọ ṣùtì sí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dùn, aráyé sì ń kà wọ́n. Adùn yẹn ni mo ń wá fún ọmọ tiwa. Ẹ wo Chike and the River tí Chinua Achebe kọ ní 1966, kò nípọn rárá: ọmọdé kan ló ń wá bí yóò ṣe sọdá odò láti Onitsha sí Asaba. Asaba tiwa yìí náà ni.

Bí ọmọ bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ojú ewé eré ìdárayá nínú ìwé ìròyìn ni kí ẹ fún un. Ó ti mọ ẹni tó gbá a wọlé. Ohun tó ti mọ̀ ni yóò bá a tú Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì sí i lójú ewé kan bá ti lé ní márùn-ún, ìwé yẹn le jù, ẹ gbé òmíràn. Kó má sì máa sáré ṣí dìkìṣọ́nárì ní gbogbo ìlà.

Ẹ̀yin ìyá aláàkàrà, nínú ìwé ìròyìn tí ẹ kó jọ láti fi wé àkàrà, ẹ yọ èyí tí epo kò tíì kàn fún ọmọ ilé. Ẹ̀yin télọ̀, ìwé sítáì tó wà lórí bẹ́ǹṣì yín ní ọ̀rọ̀ lábẹ́ àwòrán. Kí ọmọṣẹ́ máa kà á sókè bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dákẹ́. Tó bá kà á tán, ẹ bi í pé kí ni wọ́n wí. Kó fi Píjìn, Urhobo tàbí Yorùbá sọ ọ́. Tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ẹ má tíì dá a dúró.