Àkọ́sórí Kọ́ Ló Ń Gba Máàkì

Irọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń múra ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS. Wọ́n ní ẹni tó bá há ìdáhùn sórí, tó to gírámà ńláńlá jọ, tó sì ń fimú sọ̀rọ̀ bí Òyìnbó, òun ni yóò gba máàkì nínú abala ọ̀rọ̀ ẹnu. Irọ́ yìí làwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì kan fi ń jẹun. Ìdáhùn àṣetán ni wọ́n ń tà fáwọn ọmọ ọlọ́mọ lórí WhatsApp.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu náà fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú 11 sí 14 péré ni, ẹ̀yin àti olùdánwò lójúkojú, wọ́n á sì gba ohùn yín sílẹ̀. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò, máàkì wọn sì dọ́gba: bí ọ̀rọ̀ yín ṣe já geere tó sì so kọ́ra, bí ẹ ṣe mọ ọ̀rọ̀ lò, gírámà, àti bí ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wádìí bóyá òótọ́ lẹ sọ.

Ká ní wọ́n béèrè pé, “Ṣé ẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́?” Ọmọ lẹ́sìnnì á na ọrùn, á ní kẹ̀kẹ́ jẹ́ ohun ìrìnnà tí kì í ba àyíká jẹ́, pé àǹfààní rẹ̀ fún ìlera kò lóǹkà. Ta ló bi í ní àǹfààní kẹ̀kẹ́? Wọ́n ní ṣé ó máa ń gùn ún! Wọ́n ti kọ́ olùdánwò bí wọ́n ṣe ń dá àkọ́sórí mọ̀. Bó bá kúrò lórí ohun tí ọmọ yìí há, tó bi í léèrè nǹkan mìíràn, a-sọ̀rọ̀-má-mí á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹlòmíì: “Rárá, mi ò gùn ún mọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, bí bàbá mi bá ti sùn lọ́sàn-án, mo máa ń jí kẹ̀kẹ́ Raleigh wọn gùn. Mi ò lè dé orí ìjókòó, nítorí náà mo máa ń ki ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ irin àárín rẹ̀ wà á. Látìgbà tí mo ti dé Èkó, mi ò tíì gun kẹ̀kẹ́ kankan, torí dáńfó ò ní í dá ẹ̀mí mi sí. Bí wọ́n bá la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ ni, ǹ bá máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́.” Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò le sọ ọ́: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí wà níbẹ̀, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ títí di òní ń bẹ, “bí ó bá jẹ́ pé” náà ò gbẹ́yìn. Gírámà tí wọ́n ń wá nìyẹn. Bó bá tiẹ̀ gbàgbé orúkọ ohun tí à ń fẹsẹ̀ wà, kó ní “ohun tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó lọ”. Ìyẹn gan-an máa ń gba máàkì.

Ti ohùn ńkọ́? Ìlànà wọn ò ní ká sọ̀rọ̀ bí ará Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó béèrè ni pé kí ohùn ilé wa má ṣèdíwọ́ fún ẹni tó ń gbọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe chain bíi “ṣéènì”, tó yọ h kúrò nínú house, tó sì lọ fi í síwájú egg, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ lo àkókò yín sí, ẹ fi imú sílẹ̀.

Ní apá kẹta ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu yìí, ìbéèrè á gbòòrò: kí ló yẹ kí ìjọba ṣe sí ìrìnnà nílùú? Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lásìkò náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ju ìwé àkọ́sórí èyíkéyìí lọ.

Ẹnìkan á ní, “Àbúrò mi há tirẹ̀ sórí, ó sì gba 7,” iye tí wọ́n ń béèrè nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó bá gba ọ̀nà IELTS forúkọ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba. Mo gbà. Ẹ bi í bóyá kò ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kó tó ra ìwé.

Ẹ pa ìdáhùn àṣetán tì. Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tí yóò máa bi yín ní ìbéèrè òjijì, ẹ gba ohùn ara yín sórí fóònù, kẹ́ ẹ sì tún un gbọ́.