Oòrùn, Ọṣẹ àti Ọwọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Iná Ara Ajá àti Ológbò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ iná ara ajá ni mo gbé gègé lé, nínú ìwé tí àwọn ẹlòmíràn ti ń jiyàn lórí ètò ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ iwájú ilẹ̀ wa. Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, kí ẹ sì wá gbọ́ tẹnu mi. Ọmọ ológbò méjì ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ní ìlú Niamey yìí. N kò kórìíra wọn. Ìwòsàn ni mo ń wá fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ kòkòrò tí mo ń bá wí. Kì í ṣe eégbọn, èyí tí ó máa ń so mọ́ awọ ẹran títí yóò fi yó. Èyí tí mo ń wí kéré ju hóró ọkà bàbà lọ, ó pupa rúsúrúsú, ó pẹlẹbẹ bí ẹni pé a fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ ní ìhà, bí a bá sì na ọwọ́ sí i, a fò fìrí, a di àwátì. Iná ajá ni wọ́n ń pè é nílé wa. Ẹni tí ó gbọ́ Faransé yóò mọ̀ ọ́n sí puce. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ, nítorí irú èyí tí ń gbé ara ológbò ni ó wọ́pọ̀ jù lára ajá pẹ̀lú, ní ilẹ̀ wa àti ní òkè òkun.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo gba yàrá kan ní Yantala. Ajá onílé a máa sùn ní ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Ológbò tèmi sì bí ọmọ mẹ́rin sí abẹ́ ibùsùn mi. Oṣù Kẹjọ ni, òjò ń rọ̀ gidigidi. Kò pẹ́ tí iná fi jẹ mí yí ọrùn ẹsẹ̀ ká. Nígbà tí mo la ẹnu àwọn ọmọ ológbò náà wò, èrìgì wọn funfun bí ẹfun. Iná ti mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo sáré lọ sí ọjà. Ẹnì kan tí ń ta oògùn kòkòrò bu ìyẹ̀fun funfun kan fún mi nínú ọ̀rá tí a kò kọ ohunkóhun sí lára, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń dà sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ó ní díẹ̀ rẹ̀ kò lè pa ohun kan àfi iná. Mo gbà á gbọ́, mo fi ra wọ́n lára láti orí dé ìrù. Ohun tí èmi, ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kò rò ni pé ahọ́n ni ológbò fi ń wẹ̀. Ohun tí a bá fi pa á lára, inú rẹ̀ ni yóò dé. Ìyá lá àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ lá ara wọn. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dà lẹ́nu wọn, ara wọn ń gbọ̀n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, méjì ti kú. Kò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná fi tún kún ara àwọn tí ó kù.

Èyí ni ó mú kí n lọ wádìí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Abo iná kan lè yé ẹyin 40 tàbí 50 ní ọjọ́ kan. Ẹyin náà kì í lẹ̀ mọ́ irun. A máa já bọ́ sí ibi tí ẹran bá dùbúlẹ̀ sí. Ìdin tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde a máa jẹ ìgbẹ́ àwọn àgbà iná, tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Lẹ́yìn náà a hun ilé bí òwú yí ara rẹ̀ ká, a sì lè dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àní fún oṣù mélòó kan, títí yóò fi mọ̀ pé ẹran ń kọjá. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé bí iná àti ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ 100 nínú ilé kan, bí 5 péré ni ó wà lára ẹran. Márùn-ún yìí ni mo bá jà tí mo fi pa ọmọ ológbò méjì. 95 ń bẹ lábẹ́ ibùsùn mi, wọ́n ń wò mí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ibi tí ẹran ń sùn ni kí á kọ́kọ́ wò, kí á tó wo ara rẹ̀. Ìdin iná kò lè gbé nínú ọ̀gbẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fara da ooru tí ó bá ju ìwọ̀n 35 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún ní Niamey mọ bí oòrùn ibẹ̀ ti rí. A máa kọjá 40. Báwo wá ni iná ṣe ń rí ibi gbé? Abẹ́ òjìji ni. Ìdí ìkòkò omi tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, abẹ́ ibùsùn, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà kọjá: ibẹ̀ gan-an ni ajá sì fẹ́ràn láti sùn sí nígbà ooru. Mo gbé ẹní mi síta, mo sá a sí oòrùn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo fi omi gbígbóná fọ àkísà tí ológbò ń sùn lé. Mo gbá abẹ́ ibùsùn lójoojúmọ́, mo sì sun pàǹtí rẹ̀. Onílé gbà kí á gbé ìkòkò omi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn àríyànjiyàn ọjọ́ méjì. Ní àsìkò òjò, ìyà iṣẹ́ yìí pọ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe ara rẹ̀.

Ní ti ara ẹran, ọṣẹ lásán tó fún ajá. Ọrùn ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, kí iná má bàa sá lọ sí etí àti ojú. Kí á jẹ́ kí ìfófòó náà pẹ́ díẹ̀ kí á tó ṣàn án. Fún ọmọ ológbò, òòyà tí eyín rẹ̀ há ni mo fi ń ya irun wọn, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́ bọ inú abọ́ omi ọṣẹ, nítorí iná tí ó bá bọ́ sínú omi ọṣẹ kì í jáde mọ́. Bí a bá gbé irú abọ́ bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ àtùpà ní òru, àwọn kan yóò fò tọ ìmọ́lẹ̀ wá, wọn yóò sì kó sínú rẹ̀.

Ẹ ó ti máa retí kí n dárúkọ dóńgóyárò. Ta ni yóò gbé Niamey tí kò ní dárúkọ rẹ̀? Igi yìí, tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá, ni ó ń ṣíji bo ọ̀pọ̀ títì wa, ó sì wà lára àwọn igi tí a bẹ̀rẹ̀ sí gbìn yí ìlú ká ní 1965. Ní 1959, Heinrich Schmutterer, onímọ̀ kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wà ní Sudan nígbà tí eéṣú bo ilẹ̀. Ó rí i pé wọ́n jẹ ewé igi gbogbo, wọ́n fi dóńgóyárò sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ rí i lẹ́yìn náà pé èròjà kan nínú hóró èso rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọmọ kòkòrò lè bọ́ awọ kí ó sì dàgbà. Kì í pa àgbà kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí èmi fi ń da omi ewé rẹ̀ tí a sè sí ilẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ iná wà, tí mo sì fi ń ṣan ara ajá. Òróró èso rẹ̀ kò kan ara ológbò tèmi láé, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má fi í sí ẹnu ọmọ ọwọ́. Ó ti ṣe ọmọdé léṣe rí.

Níhìn-ín ni mo ti yapa sí àwọn tí ń wí pé ohun tí ó bá ti ti inú igbó wá kò lè pani. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò dà bí ti ajá. Oògùn púpọ̀ ni kò lè tú palẹ̀, títí kan àwọn òróró olóòórùn dídùn tí a fún láti ara ewé, àti permethrin tí a ń ṣe fún ajá. Àwọn kan ń fi aáyù àti àlùbọ́sà sínú oúnjẹ ẹran kí iná lè sá; ẹ̀jẹ̀ ẹran náà ni ó ń bàjẹ́. Àwọn mìíràn ń fi kẹrosíìnì wẹ ajá, èyí tí ń bó o lára. Ọmọ ológbò tí èrìgì rẹ̀ bá ti funfun kò yẹ fún àgbo mọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹran. Láti 1968 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran tí ó wà ní Dakar ti wà, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wa lóríṣiríṣi, nítorí náà kì í ṣe pé a kò ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan láti Cotonou sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ènìyàn kò rí oògùn, ẹ ń sọ ti ológbò.” Mo bi í pé níbo ni àwọn ọmọ ènìyàn náà ń ṣeré. Orí ẹní kan náà ni. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì gbé iná mì, ó lè kó aràn pẹlẹbẹ tí ń gbé inú ajá. Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tí ó pa ẹran mi sì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ̀fun tí a fi ń ro oúnjẹ. Àwa tí wọn yóò rán lọ kọ́ni ní abúlé ni a ó bá a níbẹ̀. Mo sì rò pé ẹ̀kọ́ wákàtí kan lórí rẹ̀, pẹ̀lú òòyà kan àti abọ́ omi ọṣẹ kan lórí tábìlì, yóò wúlò fún àwọn ọmọ náà ju yíya àwòrán kòkòrò sínú ìwé lọ.

Ìyá ológbò náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ní òwúrọ̀ yìí, iná mẹ́ta péré ni mo yọ lára rẹ̀.