Ọ̀dà Lára Ìbọn Eré

Ní ọjà Roxy ní Adjamé, l'Abidjan, kò sí ẹni tí kò mọ ewu tí ń bẹ nínú mímú oògùn ayédèrú jọ ojúlówó. Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ń yin ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìbọn eré? Wọn a fi sánpépà họ etí rẹ̀, wọn a fi ọ̀dà kùn ún bí irin tí ó ti dógùn-ún. Ọnà ni, wọ́n wí. Ó dára, ta ni ọnà náà ń tàn? Ìbọn tí ń dán lè jẹ́ ti ọmọdé. Èyí tí ara rẹ̀ ti họ ni ará Abidjan rí nínú ìjà ẹ̀yìn ìdìbò 2010 sí 2011, tí ó pa nǹkan bí 3,000 ènìyàn.

Wọ́n tún ní eré lásán ni. Ní Cleveland, l'Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 22 Oṣù Kọkànlá 2014, Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, ń fi ìbọn eré ṣeré. Àmì aláwọ̀ ọsàn tí ń fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ hàn ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọlọ́pàá dé, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ó fi yìnbọn fún un. Ọjọ́ kejì ni ọmọ náà kú. Èyí kò dá ọlọ́pàá náà láre rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kun ìbọn eré, kí ó fi àmì náà sílẹ̀, kí ó sì fi iṣẹ́ ọnà rẹ̀ mọ sínú ilé.